Ẹ̀wù Kẹ̀kẹ́ Nínú Òjò Dídì

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà àríwá wá sí ìlú Ìbàdàn, ohun kan wà tí ẹni tí ó bá tètè jí lè fi ojú ara rẹ̀ rí ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Eruku ọyẹ́ yóò ti bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní lè rí àwọn páànù Bẹẹrẹ kedere. Àwọn ọlọ́kadà yóò sì ti jókòó lórí alùpùpù wọn, tí wọ́n ń dúró de èrò tí ń lọ sí Ọjà'ba tàbí sí Bẹyẹrunka. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni a óò ti rí ẹ̀wù kan tí ó nípọn bí ìrọ̀rí, tí ó ní ìbòrí lẹ́yìn ọrùn. Ẹ̀wù òjò dídì ni. Ilẹ̀ òyìnbó ni a ti rán an fún ẹni tí yóò rìn nínú òjò dídì. Ọ̀nà òkìrìkà ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà kì í wọ̀ ọ́ bí ẹni tí ó rán an ti pète. Yóò yí i padà, yóò ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ láti iwájú, ẹ̀yìn ẹ̀wù yóò wá sí àyà rẹ̀, ojú sípù yóò sì wà ní ẹ̀yìn.

Àlejò tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ohun tí ó ń ṣe. Ọlọ́kadà mọ̀ pé ní àkókò ọyẹ́, kì í ṣe omi ni ọ̀tá òun bí kò ṣe afẹ́fẹ́, àti pé iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń kọlu ẹni tí ó bá wà lórí ohun tí ń sáré. Bí ó bá wọ ẹ̀wù náà bí a ti rán an, ojú sípù ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé. Bí ó bá sì yí i padà, odindi aṣọ ni yóò dojú kọ afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èyí ní ilé ìwé. Ó wo ohun tí ẹ̀wù náà lè dí, ó wo ohun tí ń bọ̀ wá bá òun, ó sì fi ọ̀kan kojú èkejì.

Ohun tí ó mú wa mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí ni pé a ti rí òdìkejì rẹ̀ ní òkè òkun. Níhìn-ín, ẹ̀wù òjò dídì ni àwọn ènìyàn wa fi ń gun alùpùpù. Lọ́hùn-ún, ẹ̀wù tí a rán fún gígun kẹ̀kẹ́ ni a rí tí a fi wọ ọmọ tí ń lọ ṣeré nínú òjò dídì. Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìdílé wa, láàárín ìyá ọkọ ní Bẹyẹrunka àti ìyàwó ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwa ni wọ́n sì fi ṣe onídàájọ́. A kò rò pé ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì yín léèrè, kí ẹ sì ka iye àwọn tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kankan ní ilẹ̀ tí òjò ti ń dì. Bí ìlú wa ti rí lónìí, ìwọ̀nba ni wọn yóò jẹ́.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti ka ọ̀rọ̀ náà, òjò dídì, nínú Bíbélì láti ìgbà èwe wa, a kò sì rí i rí. Àwọn tí ó túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa ní láti wá orúkọ fún ohun tí kì í rọ̀ ní ilẹ̀ wa, wọ́n sì ṣe é dáadáa, nítorí orúkọ náà sọ ohun méjèèjì tí ó yẹ kí a mọ̀: òjò ni, ó sì dì. Kì í ṣe yìnyín. Yìnyín ni àwa mọ̀, òun ni ó máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá nígbà mìíràn, tí yóò máa dún gbàǹgbà lórí páànù, tí àwọn ọmọdé yóò sì sáré jáde pẹ̀lú abọ́ láti ṣà á jẹ. Yìnyín le bí òkúta. Ṣùgbọ́n òjò dídì fẹ́lẹ́, kì í dún bí ó ti ń bọ̀, a sì lè sùn kí a má mọ̀ pé ó ti bo ìlú. Onísáàmù fi í wé irun àgùntàn, àfiwé náà sì jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn méjèèjì. Nínú òjò dídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, afẹ́fẹ́ lè gba ìdá 9 nínú ìdá 10 àyè rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi lè bo irúgbìn mọ́lẹ̀ ní oko bí aṣọ, tí òtútù líle kò fi ní pa á.

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2018, a wà ní ìlú Sheffield, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé àbúrò wa ọkùnrin. Sheffield ni ìlú tí a máa ń rí orúkọ rẹ̀ lára ọ̀bẹ, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ irin rẹ̀ ti lókìkí láti ayébáyé. Bí a bá mú òtútù kúrò, ọmọ Ìbàdàn kò ní pẹ́ kí ara rẹ̀ tó mọlé níbẹ̀, nítorí ìlú olókè ni: bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán, o tún ń gùn. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ líle kan fẹ́ wá láti ìhà Rọ́ṣíà. Àwọn akọ̀ròyìn sọ ọ́ ní Ẹranko Ìlà-Oòrùn. Òjò dídì bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni a tì, ọkọ̀ ojú irin dúró ní ibi púpọ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì ṣeé gùn mọ́.

Àbúrò wa ní ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ ni òun àti bàbá rẹ̀ máa ń gùn lọ sí ilé ìwé láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin, wọ́n sì ti ra aṣọ kẹ̀kẹ́ ìgbà òtútù fún un. Wọn kò ra aṣọ òjò dídì, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Ní ìlú náà, ọjọ́ tí òjò dídì ń bo ilẹ̀ kì í pọ̀ lọ́dún. Aṣọ tí a ra fún ọjọ́ mélòó kan yóò ti kéré sí ọmọ náà kí òtútù ọdún mìíràn tó dé. Iṣẹ́ òru ni ìyá rẹ̀ ń ṣe ní ilé ìwòsàn, kò sì ní owó tí yóò fi ṣòfò. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé tí wọ́n ń fi ike pẹlẹbẹ yọ̀ láti orí òkè wálẹ̀, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí òun náà lọ, ohun tí ó wà nílé ni ìyá rẹ̀ mú jáde: aṣọ kẹ̀kẹ́.

Àkókò náà gan-an ni ìyá wa pè láti Bẹyẹrunka. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ayé òde òní a máa fi ojú han ojú, nítorí náà ó rí ọmọ náà tí ó ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì bèèrè ibi tí ó ń lọ.

“Yìnyín ni ó fẹ́ lọ fi ṣeré, Màmá,” ni ìyàwó àbúrò wa wí.

“Èwo ni aṣọ tí ó wà lára rẹ̀ yẹn?”

“Aṣọ òtútù ni, Màmá. Òun ni ó fi ń gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀.”

“Ìyàwó mi, ṣé òtútù kan náà ni? Ẹ mú ọmọ mi padà wọlé!”

Ìyàwó náà bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n má bínú, ó ní kò sí ọmọ kan ní àdúgbò tí ó wà nínú ilé. Ìyá wa kò gbà. Ó ní bí àwọn ọmọ òyìnbó bá ń rì sómi, ṣé tiwa náà yóò rì ni. Lẹ́yìn èyí ni ó yí ọ̀rọ̀ sí wa, ó ní, “Ìwọ tí ò ń ka Bíbélì fún àwọn ènìyàn, ìwọ ni mo fi ọmọ náà lé lọ́wọ́. Bí ohunkóhun bá ṣe é, ìwọ ni n ó bi.”

Ẹni tí kò mọ ìtàn ìyá wa lè rò pé ẹ̀mí ìjà ni ó ń ti ìyá ọkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó bí wa, ó ti sin ọmọ kan ní àkókò ọyẹ́. Òtútù àyà ni wọ́n pe àrùn náà. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ tí ó gbọ́dọ̀ jáde nínú agbo ilé wa ní òwúrọ̀ ọyẹ́ láìbo àyà, ó sì ti fi kíjìpá bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó náà kò ṣe aláìbìkítà. Ó mọ̀ pé ọmọ tí a bá tì mọ́lé ní ọjọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ̀ yóò rántí ọjọ́ náà, àti pé yóò máa rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kì í ṣe ará ibẹ̀. Obìnrin méjì ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, ọmọ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń dáàbò bò.

A ní kí a mú aṣọ náà wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kò yẹ kí a dá ẹjọ́ ohun tí a kò fọwọ́ kàn. Ẹ̀wù náà fúyẹ́. Iwájú rẹ̀ àti apá rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí òógùn lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju iwájú lọ, nítorí ẹni tí ó tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́ ni a rán an fún. Ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ má baà gbá a mú, inú rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ bí irun ọmọ ẹran. Ó móoru, ṣùgbọ́n omi lè wọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tín-ín-rín ní àtẹ́lẹwọ́, kí ọmọ lè tẹ bíréèkì. Ọ̀já kan wà lára ẹ̀wù náà tí ó máa ń tàn bí iná mọ́tò bá kàn án.

Bí a ti ń wò ó, ọlọ́kadà Mápó wá sí wa lọ́kàn. Ohun gbogbo tí ó wà lára aṣọ yìí ni a ṣe láti dojú kọ ohun kan ṣoṣo, èyíinì ni afẹ́fẹ́ tí ń bọ̀ láti iwájú. Ọ̀tá ọlọ́kadà ni, ọ̀tá ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń ṣeré nínú òjò dídì kì í tẹ̀ síwájú. Yóò jókòó sórí rẹ̀, yóò kúnlẹ̀ nínú rẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀, yóò sì bù ú sí ọwọ́ kí ó lè fi sọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí òjò dídì bá ti kan ara tí ó móoru, kò ní pẹ́ tí yóò fi di omi. Ìdí, orúnkún, ẹ̀yìn àti àtẹ́lẹwọ́ ni omi náà yóò ti wọlé, àwọn ibẹ̀ náà gan-an sì ni aláṣọ kẹ̀kẹ́ fi sílẹ̀ láìdí, nítorí kò sí ìdí kankan tí yóò fi dí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa lórí ohun tí aṣọ ń ṣe. Aṣọ kì í dá ooru. Ara ni ó ń dá a. Aṣọ kàn ń mú afẹ́fẹ́ díẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara ni, kí ooru má baà tètè lọ. Bí ìjì bá tú afẹ́fẹ́ náà ká, òtútù dé. Bí omi bá gba ipò afẹ́fẹ́ náà, òtútù líle dé, nítorí omi ń gba ooru kọjá ní ìwọ̀n bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Nítorí náà ni òwú, tí àwa fẹ́ràn ní ilẹ̀ wa, kò fi dára ní ìsàlẹ̀ aṣọ níbẹ̀: òwú a máa mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Irun àgùntàn ni ó dára, nítorí ó máa ń mú ooru díẹ̀ dúró bí ó tilẹ̀ tutù. Àwọn àgùntàn tiwa ní Ìbàdàn kò ní irú irun bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run tí ó dá wọn mọ̀ pé wọn kò nílò rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ kì í dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ilé títí dé ilé ìwé, ara rẹ̀ sì ń dá ooru ní gbogbo ọ̀nà. Kì í sì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń ṣeré yóò sáré títí yóò fi làágùn, yóò sì dúró láti mọ ère tàbí láti retí kí ó kan òun, òógùn náà yóò sì di òtútù sí i lára. Ara ọmọdé kò tóbi, ooru sì ń tètè kúrò lára ohun kékeré ju ohun ńlá lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọrí àmàlà ti ń tètè tutù ju ìkòkò àmàlà lọ.

Ẹjọ́ tí a dá nìyí. A kò sọ pé kí ọmọ náà jókòó sílé. A kò sì sọ pé aṣọ kẹ̀kẹ́ nìkan tó. A ní kí wọ́n wọ aṣọ onírun àgùntàn fún un ní ìsàlẹ̀, kí aṣọ kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀ lé e, nítorí iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni ó mọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gidigidi lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wọ kóòtù òjò rẹ̀ àti ṣòkòtò òjò rẹ̀, èyí tí ó ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé bí òjò lásán bá ń rọ̀, lé gbogbo rẹ̀ lórí. Báyìí ni àbáwọlé omi ṣe dí. A ní kí ó wọ bàtà rọ́bà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì, kí bàtà náà má sì fún un, nítorí ẹsẹ̀ tí a há mọ́ kì í móoru. Ìbọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ ni a ní kí wọ́n fi sílẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn lé e, kí a sì mú méjì-méjì mìíràn dání. Àṣíborí kẹ̀kẹ́ ni a ní kí ó dé nígbà tí ó bá fẹ́ yọ̀ wálẹ̀, nítorí igi pọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè náà. A sì ní kí a bá a lọ, kí a má ṣe rán an lọ.

Ìyá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a tún èyí tí ó kan àyà sọ. Nígbà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní, “Kí ó má pẹ́ o,” ó sì pa ẹ̀rọ.

Òjò dídì ọjọ́ náà gbẹ bí èlùbọ́. Bí a bá bù ú, yóò fọ́n láti àárín ìka. Bí a bá gbọn aṣọ, yóò kúrò. Ìdí ni pé òtútù náà le jọjọ. Ọmọ náà yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè títí a kò fi lè ka iye ìgbà mọ́, ó sì ń kígbe bí àwọn ọmọ Bẹẹrẹ ti ń kígbe bí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá dé. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú a pè é, a bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, a fi ìka wa kan ìka rẹ̀, a bèèrè bí ó bá mọ̀ ọ́n lára. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. A pa ìbọ̀wọ́ dà, a tún jẹ́ kí ó yọ̀ fún ìgbà díẹ̀, a sì mú un lọ sílé, níbi tí ìyá rẹ̀ ti gbé tíì oníṣúgà kalẹ̀. Orúnkún rẹ̀ nìkan ni ó rin díẹ̀, níbi tí ṣòkòtò òjò ti ya.

Ní ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, òtútù sì dín kù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọjọ́ yìí ni ó dára jù fún eré. Ṣùgbọ́n òjò dídì tí ó jẹ́ èlùbọ́ ní àná ti di àmàlà. Ó wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, omi sì ń ṣẹ́ láti ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti mú kí ìbọ̀wọ́ méjèèjì máa kán tótó. A kò jẹ́ kí ó pẹ́ rárá ní ọjọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí òtútù bá le jù nìkan ni ó yẹ kí a ṣọ́ra, bí kò ṣe ọjọ́ tí omi bá pọ̀ jù pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìbẹ̀rù ìyá wa jẹ́ ti àgbà tí kò mọ ayé. Àwọn oníṣègùn ológun Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ ogun tí ó jẹ́ ìran Áfíríkà máa ń ní ìpalára òtútù ní ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun lọ, bí wọ́n tilẹ̀ wà ní ibi kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni pípọ́n tí a ń sọ pé kí a máa wò lára ọmọ kì í hàn dáadáa lára aláwọ̀ dúdú. Ó yẹ kí òbí máa wò bóyá ìka ọmọ ti ń rí bí eérú, bóyá ó ń le, kí ó sì máa bèèrè bóyá ọmọ mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ tí ó bá ń gbọ̀n, tí ó sì wá dákẹ́ gbígbọ̀n láìsí pé ara rẹ̀ ti móoru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, kì í ṣe ọmọ tí a óò ní kí ó tún yọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí a gbé e wọlé, kí a bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, kí a sì wá oníṣègùn.

Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi bu ìgbéraga ọ̀dọ́ kù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ òtútù, ó ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó ní àkísà púpọ̀ ní ohun tí yóò wọ̀ lé ara wọn, ó sì mọ èyí tí ó wà fún oko, èyí tí ó wà fún òde àti èyí tí a fi ń sùn. Òtòṣì tí ó mọ iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ sàn ju ọlọ́rọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lọ. A rí ọmọ kan lórí òkè náà tí gbogbo aṣọ rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí ó sì ń sunkún, nítorí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fún un kò ki ẹnu ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀wù.

Ìwé Òwe, ní orí 31, ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ obìnrin oníwà rere, ó sì sọ pé òjò dídì kò dẹ́rù bà á nítorí agbo ilé rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ orí yìí níbi ìgbéyàwó, a sì ti kọjá lórí ẹsẹ náà bí ohun tí kò kàn wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìdí tí a fi sọ pé kò bẹ̀rù. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé òtútù lè pa ènìyàn. Kì í sì í ṣe pé ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó ti wọ aṣọ fún wọn ni. Ìpèsè ni ó lé ìbẹ̀rù jáde. Ìyá wa ní ìbẹ̀rù, ìyàwó àbúrò wa ní ìgboyà; aṣọ tí a tò lé ara rẹ̀ bí ó ti yẹ ni ó bá àwọn méjèèjì làjà.

Nígbà tí a padà dé, tí ọyẹ́ oṣù Kìíní ọdún 2019 sì ń fẹ́, a fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi wa, a sì ń sọ ọ́ níhìn-ín fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. A bu omi gbígbóná sí ìgò mẹ́rin tí ó dọ́gba. Èkíní wà ní ìhòòhò. A fi aṣọ òwú gbígbẹ wé èkejì. A fi irú aṣọ kan náà wé ẹ̀kẹta, a sì da omi tútù sí i lára. A fi aṣọ gbígbẹ wé ẹ̀kẹrin, a fi náílọ́ọ̀nù bò ó, a sì da omi sí òun náà. A kó wọn sí orí ògiri níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, a sì kọ orin méjì. Nígbà tí a fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ̀kẹta tutù ju èyí tí ó wà ní ìhòòhò lọ. Èkejì àti ẹ̀kẹrin ṣì gbóná. Ẹnu ya àwọn ọmọ náà pé aṣọ lè mú kí nǹkan tutù ju ìhòòhò lọ. Ìyá wa, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ń wò wá, ni kò yà lẹ́nu. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ìgò kẹta, ó ní, “Àmù ni ẹ sọ ọ́ dà.” Òótọ́ ni. Ohun tí ń mú omi àmù tutù ní ìgbà ọyẹ́ ni ó ń mú ọmọ tí aṣọ rẹ̀ rin tutù nínú ìjì. Ó ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bí àwọn tiyín ní òkè òkun bá bi yín léèrè bóyá aṣọ kẹ̀kẹ́ ọmọ lè ṣiṣẹ́ nínú òjò dídì, ẹ má ṣe dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì ṣe dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ̀ ọ́ àti ibi tí omi ń gbà wọ̀ ọ́. Kí wọ́n dí ibi tí ó bá ṣí, kí wọ́n dúró ti ọmọ náà, kí wọ́n sì mú un wọlé kí ó tó tutù. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí tán, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ṣeré. Òjò dídì kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, ìgbà èwe kì í sì í pẹ́ níbikíbi.